Ọkọ mi tó wà ní Ìlú Ọba ní kí n máa bọ̀ wá bá òun, bẹ́ẹ̀ ìwé tirẹ̀ gan-an kò fìdí múlẹ̀

Àdùkẹ́ Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí n kò lè bá ará ilé sọ, nítorí pé bí mo bá ti la ẹnu, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ẹbí ni yóò ti gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

A ṣe ìdána wa nílùú Oǹdó ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ìyá mi, ìyá ọkọ mi àti àwọn àgbà ẹbí méjèèjì ló jókòó, ọkọ mi sì dọ̀bálẹ̀ títí aṣọ òfì rẹ̀ fi kún fún eruku. A kò tíì ṣe ti kóòtù, nítorí pé owó ti tán, ọjọ́ ìrìn-àjò sì ti sún mọ́lé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó lọ sí Ìlú Ọba pẹ̀lú físà iṣẹ́, láti máa tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Àdéhùn wa ni pé bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà, tí gbèsè bá ti fúyẹ́ díẹ̀, èmi náà yóò tẹ̀lé e. Oṣù mẹ́fà náà kò tíì pé tí ìjọba wọn fi ṣe òfin pé láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú kò gbọdọ̀ kó ìyàwó tàbí ọmọ wọlé mọ́. A gbà pé ilẹ̀kùn ti tì, a sì ń fara dà á.

Ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ wá dojú rú. Ìjọba gba ìwé-àṣẹ ìgbọ̀wọ́, èyí tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó mú ọkọ mi lọ, iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọkọ mi sì sọ fún mi pé òun kò ní ìwé mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń sùn sí yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kì í jáde àfi lálẹ́. Ó ní àdánìkanwà fẹ́ pa òun, kí n fi físà àbẹ̀wò wá bá òun, pé bí mo bá ti wọlé, a ó jọ máa wá ọ̀nà. Ẹ́jẹ̀ǹtì kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́ ní ₦3,500,000 ni òun yóò gbà. Yóò fi owó sínú àkáǹtì mi kí ó lè dà bí ẹni pé mo rí jẹ, yóò sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé n kò lọ́kọ, pé ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọ̀rẹ́ mi ni mo ń lọ wò. Bí a bá sì wá nílò ìwé ìgbéyàwó lẹ́yìn náà, ó ní òun lè bá wa gba ti kóòtù láìjẹ́ pé ọkọ mi wálé. Mo ti san ₦400,000. Ó ń retí ìyókù ní ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá ọkọ mi ń sọ pé ibi tí ọkọ bá wà ni ìyàwó ń gbé. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Arákàlẹ̀

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ń sùn sí yàrá ọlọ́yàrá, ibo gan-an ni yóò fi ọ́ sí? Èmi kò mọ òfin Òyìnbó, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Owó tí ẹ fẹ́ kó fún ẹ́jẹ̀ǹtì yẹn lè gba ṣọ́ọ̀bù fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, kí ó sì tún ra ọjà díẹ̀ sínú rẹ̀. Sọ fún ọkọ rẹ kí ó máa bọ̀ nílé.

Àdùkẹ́ Ìjàpọ̀

Ẹ ṣé, mà. Ilé gan-an ni kò ṣe é padà sí báyìí. Bàbá ọkọ mi fi oko kòkó wọn tó wà lọ́nà Ìdànrè dógò nígbà tí wọ́n ń wá owó ìrìn-àjò náà, ẹni tó gbà á ló sì ń kórè rẹ̀ títí di òní. Ọkọ mi tún jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù àwọn méjì tó dúró fún un. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ òfo wọ Oǹdó, kí òun máa pàdé àwọn onídùúró náà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Ẹkìmọ́gùn, London

Àbúrò, èmi ni irú ẹni tí wọ́n ń pè ní “kò ní pépà”. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà níhìn-ín. Físà àbẹ̀wò ni mo fi wọlé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi, mo sì sọ fún ara mi pé n ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná kí n tó mọ ohun tó kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí, nítorí pé àwọn tó wà nípò mi kì í sọ ọ́ fún ará ilé. Fọ́tò níwájú ilé ẹlòmíràn ni a máa ń fi ránṣẹ́.

N kò lè fi orúkọ ara mi ṣiṣẹ́. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó bá gba irú wa síṣẹ́ lè san owó ìtanràn tó £45,000 lórí ẹnì kan ṣoṣo, bí wọ́n bá sì tún bá a nídìí rẹ̀, ó lè di £60,000. Nítorí náà, àwọn tó kù tó ń gbà wá ni àwọn tó mọ̀ pé a kò lè fẹjọ́ wọn sùn. Mo ti fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, nígbà tí mo béèrè owó mi, ọ̀gá ní òun kò rí mi rí láyé. Onílé tó bá gbà wá sílé náà lè jẹ owó ìtanràn, torí náà ẹni tó ní ìwé ló gba yàrá tí mò ń gbé, òun ló sì ń tún un gbà fún mi ní iye tó bá wù ú. Bí inú bá bí i lálẹ́, ìta ni mo máa bá ara mi láàárọ̀.

Ẹ ní ẹ ó jọ máa wá ọ̀nà. Ẹni méjì tí kò ní ìwé kì í jọ wá ọ̀nà, ńṣe ni wọ́n ń jọ sá pamọ́. Tọkọtaya kan wà nínú ilé tí mo gbé tẹ́lẹ̀, bí tiyín gan-an ló rí. Ìyàwó lóyún. Ilé ìwòsàn kò lé e, wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n ìwé owó tẹ̀lé e délé, nítorí pé òfin ní kí wọ́n gba iye tí ìtọ́jú náà jẹ́, kí wọ́n sì fi ìdajì rẹ̀ lé e, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Irú gbèsè bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti tó £500 tí oṣù méjì sì ti kọjá, wọ́n lè fi tó Home Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó físà, létí, ó sì lè dí ọ̀nà físà mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ tí ó bí náà kò di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1983 ni bíbí síbẹ̀ nìkan kò ti tó mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará ilé ṣì rò pé ó tó.

Ọdún kẹfà mi níbí ni ìyá mi kú ní Oǹdó. Àbúrò mi gbé fóònù ti kéréètì mínírà létí sàréè kí n lè máa wò ó. Bí wọ́n ti fẹ́ sọ pósí kalẹ̀ ni àwòrán dúró gbọn-in, ọwọ́ àlùfáà wà lókè, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa padà, wọ́n ti ń kó ṣọ́bìrì. Ogún ọdún ni òfin wọn ní kí ẹni bíi tèmi gbé níbí kó tó lè fi iye ọdún tó ti lò béèrè ìwé. Ó kù mí ku ọdún mẹ́sàn-án. Oṣù 108 ni.

Jẹ́ká_Jáde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Àǹtí mi bá físà àbẹ̀wò lọ ní ọdún 1996. Lónìí, páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń rìn, ó sì ti kọ́ ilé méjì sí Ọ̀bá-Ilé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó jìyà kó tó rí i, àmọ́ ta ni kò jìyà nílé? Ẹ lọ wo ẹni tó ń gba owó oṣù ní Alágbàká kí ẹ béèrè ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Arábìnrin, bí ọkọ rẹ bá ní kí o máa bọ̀, máa lọ.

Tìwé-tìwé, Leeds

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ọ́fíìsì lọ́yà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìgbélùú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé lásán ni mí níbẹ̀, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti lọ́yà.

Jẹ́ká_Jáde, n kò ní bá ọ jiyàn lórí àǹtí rẹ, ṣùgbọ́n ayé tó wọ̀ kọ́ nìyí. Nígbà náà, ẹni tó bá gbé ọdún 14 lè béèrè ìwé. Ọdún 2012 ni wọ́n sọ ọ́ di 20.

Kí n tó dé orí físà àbẹ̀wò, ohun kan kò wọlé sí mi lára nínú àlàyé arábìnrin yìí. Ọ̀tọ̀ ni kí ìjọba gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gé físà òṣìṣẹ́ kúrú. Bí wọ́n bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá lónìí, físà ọmọ iṣẹ́ kì í kú lónìí. Home Office ni yóò kọ lẹ́tà sí i, èyí sì lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan, wọn yóò fún un ní 60 ọjọ́ kí ó fi wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kí ó kúrò nílùú, àfi bí ọjọ́ tó kù lórí físà rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ní ìwé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó sá pamọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lé wọn, tí 60 ọjọ́ náà sì tán mọ́ wọn lórí nínú yàrá ọ̀rẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti aṣọ fèrèsé pa. Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè: ǹjẹ́ lẹ́tà yẹn ti dé? Ọjọ́ wo ni ó wà nínú rẹ̀? Kí ọkọ yín má wo káàdì tó wà nínú àpò rẹ̀ o. Láti ìparí ọdún 2024 ni káàdì náà kò ti wúlò mọ́. Kí ó wọ inú àkáǹtì eVisa rẹ̀, ìyẹn físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó rọ́pò káàdì, kí ó sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Èkejì dùn mí láti sọ. Òfin ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 yẹn kò kan àwọn tó ti wà lórí físà iṣẹ́ ìtọ́jú ṣáájú ọjọ́ náà. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ọkọ yín wọlé. Ẹ̀tọ́ àtimú ìyàwó rẹ̀ wá kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń bá iṣẹ́ ìtọ́jú lọ tí físà rẹ̀ kò sì já láàárín. Ilẹ̀kùn tí ẹ ní ó tì yẹn, ẹ kò fọwọ́ tì í wò.

Àdùkẹ́ Ìjàpọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ yín. Mo pe ọkọ mi lóru.

Lẹ́tà ti dé o. Inú ímeèlì rẹ̀ ló wà, kò ṣí i, nítorí ó rí orúkọ àwọn tó kọ ọ́, ó sì gbà pé ìwé ìlékúrò ni. A jọ ṣí i lórí fóònù, òun ń kà, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 23 ló kù kí físà rẹ̀ tó parí. Ó ti lo 37 lórí ibùsùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, kò sọ nǹkan kan mọ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ 2024 yẹn, n kò tíì lè ronú kàn án. Inú ẹgbẹ́ WhatsApp kan ni a ti kà á pé gbogbo ènìyàn ni ó kàn, a kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Tìwé-tìwé, Leeds

Ẹ má jókòó ti ẹkún, nítorí ọjọ́ ń lọ. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ilé ìtọ́jú kò lè gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun wá láti òkè òkun mọ́. Kódà ṣáájú ìgbà náà, láti oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n ti sọ fún àwọn ilé ìtọ́jú tó wà ní England pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá inú àwọn tí onígbọ̀wọ́ wọn ti bọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti wà nílùú. Irú ọkọ yín gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n máa wá. Kí ó kó ìwé owó oṣù rẹ̀ àtijọ́ jọ, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gbà níbi iṣẹ́, kí ó sì kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú lọ́tùn-ún lósì, kí ó má ṣe fi mọ sí ìlú tó wà. Kí ó sọ fún wọn ní gbangba pé 60 ọjọ́ ni wọ́n fún òun, kí ó sì dárúkọ ọjọ́ tí yóò pé. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ó san owó kí òun tó fún un ní ìwé ìgbọ̀wọ́, kí ó sá fún un. Ọ̀gá iṣẹ́ ló ń san owó ìwé yẹn, láti ìparí ọdún 2024 ni òfin sì ti sọ pé kò gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Mo ń sọ èyí torí pé àwọn ọmọ wa náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tà á.

Kí ìbéèrè fún físà tuntun wọlé kí ọjọ́ 23 náà tó pé. Bí ó bá ti wọlé lásìkò, ẹ̀tọ́ tó ní tẹ́lẹ̀ yóò máa bá a lọ títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Bí kò bá rí iṣẹ́, tó sì padà wálé lówó ara rẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá lórí ọjọ́ tí físà parí, wọn kò ní tìtorí ìyẹn dènà rẹ̀ bí ó bá tún béèrè físà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọdún kan gbáko ni ìdènà yóò fi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kúrò. Kí ó wá lọ́yà, tàbí agbaninímọ̀ràn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tó ń mójú tó àwọn agbaninímọ̀ràn lórí ìgbélùú. Ẹni tó bá ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí físà níbí láìní ìforúkọsílẹ̀ ń rú òfin, ìbáà jẹ́ pásítọ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n bọ́ sórí físà àbẹ̀wò. Kò gba iṣẹ́ ṣíṣe, ẹ kò sì lè dúró sí ìlú yìí kí ẹ sọ ọ́ di físà aya. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ pa irọ́ láti gbà á, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi máa kọ ìbéèrè yín. Ẹ rò ó wò: bí ẹ bá kọ “n kò lọ́kọ” sínú fọ́ọ̀mù lónìí, tí ọkọ yín sì rí iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, kí ni ẹ ó kọ nígbà tí ẹ bá ń béèrè físà gẹ́gẹ́ bí aya rẹ̀? Ọwọ́ ọ́fíìsì kan náà ni fọ́ọ̀mù méjèèjì máa bọ́ sí.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Winnipeg

Ọ̀rọ̀ “n kò lọ́kọ” yẹn kì í ṣe ti Ìlú Ọba nìkan. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí kọ ọ́ pé àpọ́n ni òun nígbà tó ń gba ìwé ìgbélùú Kánádà, nítorí ẹnì kan sọ fún un pé yóò yá. Ó ti gbéyàwó nílé. Nígbà tó fẹ́ mú ìyàwó náà wá, wọ́n ní lójú òfin àwọn, ìyàwó tí kò dárúkọ, tí wọn kò sì yẹ̀ wò nígbà náà, kì í ṣe ara ẹbí tó lè gbọ̀wọ́ fún. Ọmọ wọn ti wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Fóònù ló fi mọ bàbá rẹ̀.

Akọ̀wé Ọ̀nà Kóòtù, Àkúrẹ́

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìgbéyàwó tí ẹ́jẹ̀ǹtì náà ní òun yóò bá yín gbà. Ìgbéyàwó kóòtù ní Nàìjíríà kò ṣe é ṣe fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tọkọtaya ni yóò dúró níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí. Kó tó dìgbà náà, wọn yóò ti fi ìwé ìkéde síta fún ọjọ́ 21, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ ìkéde. Bí ẹ bá rí ìwé tó jáde lọ́jọ́ méjì, nígbà tí ọkọ wà lókè òkun, ayédèrú ni, orúkọ yín ló sì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ẹ́jẹ̀ǹtì.

Ẹ kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí ẹ ṣe lábẹ́ àṣà wa jẹ́ ìgbéyàwó lójú òfin Nàìjíríà. Ohun tí ó kù ni kí ẹ fi hàn pé ó wáyé. Kí òbí kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan wá búra ní Kóòtù Gíga níhìn-ín, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí a ṣe é, ibi tí a ti ṣe é, àti ohun orí ìyàwó tí wọ́n gbà. Ọjọ́ tó rí gan-an ni kí wọ́n sọ o. N kò ní bá ẹnikẹ́ni yí ọjọ́ padà. Ẹ wá fọ́tò tí àwọn àgbà ti hàn. Ẹ wá àkọsílẹ̀ owó tí ọkọ yín ń fi ránṣẹ́ láti ọdún 2023. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: ìwé ìtọrọ tí àwọn ará ilé ọkọ mú wá, tí ọmọbìnrin ilé yín kà síta lọ́jọ́ náà, tí gbogbo agbo sì ń pariwo. Ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ní ọjọ́ lórí, ó ní ìbuwọ́lù, kò sì sí ẹ́jẹ̀ǹtì tó lè ṣe irú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Arákàlẹ̀

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè. Àdùkẹ́, iṣẹ́ wo ni ìwọ fúnra rẹ ń ṣe?

Àdùkẹ́ Ìjàpọ̀

Nọ́ọ̀sì ni mí, mà. Ọdún keje mi rèé lẹ́nu iṣẹ́. Mo tilẹ̀ ṣe IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2022, mo yege, ṣùgbọ́n a ní kí ọkọ mi kọ́kọ́ lọ ná, ìwé-ẹ̀rí náà sì ti kọjá ọdún méjì tó fi wúlò.

Ìyá Ìbejì Arákàlẹ̀

Nọ́ọ̀sì! O wá jókòó sí Ìjàpọ̀, ò ń dúró de ẹni tí yóò fà ọ́!

Tìwé-tìwé, Leeds

Màmá ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n kàn fi díẹ̀ kún un. Físà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì gba ọkọ àti ọmọ, ti òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ni kò gbà á mọ́. Àwọn ilé ìwòsàn níbí kò gbọdọ̀ wá kó nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, nítorí Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí àjọ ìlera àgbáyé sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera kò tó fún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé wá, wọ́n lè gbà á. Ọ̀nà náà gùn: ìdánwò èdè, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó wá ṣe ti ọwọ́ níbí. Iṣẹ́ kò sì pọ̀ bíi ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Síbẹ̀, bí ti ọkọ yín kò bá bọ́ sí i, tó sì padà wálé lásìkò, ẹ̀yin lè di ẹni tí yóò mú un wá gẹ́gẹ́ bí ọkọ nọ́ọ̀sì. Kí ó má jẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn kọjá ni mo tún ń pariwo.

Jẹ́ká_Jáde

Mo gba ti nọ́ọ̀sì. N kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni.

Àdùkẹ́ Ìjàpọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá, n kò sì san ìyókù. Ẹ́jẹ̀ǹtì náà dá ₦250,000 padà nínú ₦400,000, ó ní ìyókù ti bá fọ́ọ̀mù lọ. Mo béèrè fọ́ọ̀mù náà, kò rí i fi hàn mí.

Ọjọ́ 17 ló kù. Ilé ìtọ́jú mọ́kànlélógún ni ọkọ mi ti kọ̀wé sí, méjì ló pè é, ọ̀kan sì ní kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọjọ́ Ajé ní ìlú kan tó jìnnà sí ibi tó wà. Lọ́yà tó rí sọ ohun kan náà tí ẹ sọ nípa ọjọ́ 11 oṣù kẹta, ó ní kí n má ṣe béèrè ohunkóhun títí ti ọkọ mi yóò fi bọ́ sí i. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án.

Ìyá mi ló ní ìwé ìtọrọ lọ́wọ́. Ó kó o sínú àpótí aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú kàfúrà, ríbọ́nù pupa tí wọ́n fi dì í kò tíì tú. Ìyá ọkọ mi ti gbà láti wá láti Oǹdó ní Ọjọ́bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì máa dá mi lóhùn dáadáa lórí fóònù, nítorí ó ní mo lọ tú àṣírí ọmọ òun fún ará ìta. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún IELTS pẹ̀lú. N kò tíì sọ fún ọkọ mi. N ó jẹ́ kí ọjọ́ Ajé kọjá ná.

Ọmọ Ẹkìmọ́gùn, London

Àbúrò, bí ó bá rí iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá kọ ọ́ síbí. Bí kò bá sì rí i, ẹ fún un ní ọ̀nà tí yóò fi kàn sí mi kí ó tó dá ìpinnu kankan ṣe.

Akọ̀wé Ọ̀nà Kóòtù, Àkúrẹ́

Kí àwọn ìyá méjèèjì mú fọ́tò pélébé àti nọ́ńbà NIN wọn dání ní Ọjọ́bọ̀. Kí ìyá Oǹdó tètè gbéra, kí wọ́n dé kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, nítorí ìlà máa ń gùn, ẹni tó ń tẹ ìwé sì máa ń jáde lọ jẹun ní agogo kan. Ẹ má tú ríbọ́nù náà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi.